Àpò Tí Olè Kò Lè Jí

Ọwọ́ obìnrin náà ni Bàbá Púlọ́ńbà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga onírin lábẹ́ fèrèsé ilé ìwòsàn, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó sì rọra ń fi ìka tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Kò pẹ́, ó tún dá a padà.

Àwọn tó kù nínú yàrá náà ń wo ilẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de dókítà kì í fẹ́ wo ẹlòmíì lójú. Ṣùgbọ́n Bàbá Púlọ́ńbà kì í ṣe ẹni tí í wo ilẹ̀. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé ojúmìító ọmọ yìí á kó bá a, torí kò sí ìdérí tó rí tí kì í ṣí wò. Iṣẹ́ páìpù omi ló sì wá fi ayé rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ohun tó pamọ́ sínú ògiri ló ń fún un lóúnjẹ jẹ. Ó ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún báyìí, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ojú yẹn kò fẹ̀yìn tì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àìsàn ló gbé e wá, síbẹ̀ ó ti rí i pé ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà ń jò, ó ti rí i pé aago ara ògiri ti kú, ó sì ti rí ọwọ́ obìnrin yìí.

Ó gbà pé owó ni. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má fi ọwọ́ mú un bẹ́ẹ̀. Olè á mọ ibi tí owó wà."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kí ẹ̀rín tó dé ẹnu, ó sì rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tí gbogbo àwọn tó ń wo ilẹ̀ fi gbé orí sókè.

"Olè tó bá jí tèmi yìí," ó ní, "òun ló máa wá bẹ̀ mí kí n gbà á padà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ ná. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń bi gbogbo obìnrin ní ohun tó wà lápò wọn?"

"Àwọn tó bá ń fi ọwọ́ bò ó nìkan ni."

Nọ́ọ̀sì pe obìnrin náà wọlé nígbà yẹn. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù ṣe, ó sì bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kó tó wọlé. Bàbá Púlọ́ńbà rí ìyẹn náà.

Ohun tó gbé bàbá wá kò ṣòro láti sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Kò dùn ún rárá, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, ìtọ̀ náà mọ́ lóló. Ó bá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kan náà ló ti máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ wí pé páìpù tó jò lónìí tí kò jò lọ́la kò tíì tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ padà dé ló tó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe olùkọ́, ìyẹn sì fà á dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ki ẹ̀rọ tín-ín-rín kan tó ní iná lórí sí i láti ojú ara, wọ́n rí nǹkan tó hù sára àpò ìtọ̀ rẹ̀ bí olú ṣe ń hù sára igi. Wọ́n ha á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti wọ inú iṣan àpò náà.

Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àyẹ̀wò. Àgbàlagbà míì á ti máa ráhùn, àmọ́ ńṣe ni tiwa ń múra dáadáa bí ẹni tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Màmá Aránṣọ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe obìnrin náà. Opó ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan nítòsí, ó sì máa ń wá sílé ìwòsàn náà nígbàkígbà, bàbá kò mọ ìdí rẹ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó, ìbéèrè kan náà ni.

"Màmá, kí ló wà lápò yẹn?"

"Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ni."

Lọ́jọ́ míì ó ní ọ̀rọ̀ tí òun kò tíì sọ ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá mú rọ́bà tuntun àti sípánà wá, tó tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, màmá ló gbé tọ́ọ̀ṣì fún un, ó ní, "Ẹ wá bi mí lónìí, bóyá màá sọ." Bàbá bi í. Ó ní, "Kò tíì yá." Bàbá fi ẹ̀rín délé. Ọmọ rẹ̀ rò pé èsì àyẹ̀wò ló dára.

Èsì kò dára. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù àgbà. Ó ya kíndìnrín méjì sórí ìwé, ó ya páìpù tín-ín-rín méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àpò.

"Bàbá, tí a bá kàn ń ha á báyìí, koríko la ń gé, gbòǹgbò wà nílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, a lè yọ àpò ìtọ̀ náà, ká gé ìfun kúkúrú, ká so páìpù méjèèjì mọ́ ọn, ká sì gbé ẹnu rẹ̀ jáde síta ikùn lápá ọ̀tún. Ẹ ó wá máa lẹ àpò mọ́ ẹnu náà níta. Ìkejì, a lè yọ ọ́, ká fi ìfun tó gùn rán àpò tuntun sí inú. Ìkẹta, ká má yọ ọ́, ká ha á dáadáa, ká fi ìtànṣán jó o, ká sì fi oògùn kún un."

"Ìkejì ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi," ni bàbá sọ lójú ẹsẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń yàn án. Ṣùgbọ́n kíndìnrín yín apá kan ti wú, torí jẹjẹrẹ yìí ti dí ẹnu páìpù rẹ̀, ìyẹn sì sábà máa ń ba ọ̀nà kẹta jẹ́. Ní ti ìkejì, ìfun kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kó máa fa ohun tó wà nínú rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀. Tí ìtọ̀ bá dúró níbẹ̀ pẹ́, á tún fa ìdọ̀tí rẹ̀ padà, kíndìnrín ló sì máa sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Tiyín kò lágbára ìyẹn mọ́."

Bàbá gbàgbé ẹ̀rù fún ìgbà díẹ̀. "Ìfun ń rántí? Kódà tí ẹ bá gbé e kúrò níbi tó wà?"

"Ó ń rántí."

"Háà. Ọjọ́ orí mi ńkọ́?"

"Kì í ṣe ọjọ́ orí la fẹ́ là, bàbá, ẹ̀yin la fẹ́ là. Mo rí bí ẹ ṣe dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara yín. Ọkàn yín dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ ńlá ni, àwọn àgbàlagbà mìíràn máa ń wọ ibẹ̀ tí wọn kì í jáde. Tí a ò bá sì ṣe nǹkan kan, jẹjẹrẹ yìí ò ní dúró dè wá." Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ó tún ku ohun kan. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya lè má rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Bàbá jáde. Màmá Aránṣọ wà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀wù. Bàbá bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

"Àpò ìtọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ mi lára, màmá. Níta. Kí n máa gbé e kiri bí ọmọ tó gbé ike omi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Obìnrin wo ló máa jókòó ti ọkùnrin tó gbé ìtọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn?"

Màmá Aránṣọ rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀wù. Ó gbé e lé orúnkún.

"Ó dáa, bàbá," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Ó dìde, ó sì lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì pè é wọlé. Bàbá Púlọ́ńbà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní bí wọ́n ṣe ń lo àpò náà ló là á lójú. Dókítà ló ní kí bàbá lọ rí i, kó tó sọ pé òun ò ṣe. Orí tábìlì nọ́ọ̀sì náà ni bàbá ti rí àpò aṣọ kékeré kan, rírán rẹ̀ dán mọ́rán, bọ́tìnì rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

"Ta ló rán èyí?"

"Màmá Aránṣọ ni. Wọ́n fi ń bo àpò ìtọ̀ ni, kí rọ́bà má bàa máa lẹ̀ mọ́ ara. Tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rán, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n wá ń rán an fún gbogbo ẹni tuntun. Àwọn fúnra wọn ló máa ń fi tiwọn han àwọn èèyàn kẹ́rù lè kúrò lára wọn. Wọn ò tíì fi hàn yín ni?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Gbogbo ìgbà tó ń bèèrè kí ló wà lápò yẹn ló wá ń padà sí i lọ́kàn, àti bí obìnrin náà ṣe ń sún mọ́ ìdáhùn díẹ̀díẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò dá ẹsẹ̀ dúró.

"Mo wá tọrọ àforíjì."

"Lórí kí ni? Ẹ bèèrè pé obìnrin wo. Èmi náà ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yìí pé ọkùnrin wo. Ìbéèrè kan náà ni."

"Mi ò mọ̀ ni, màmá. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo wá ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, kò sì sí ẹlòmíì tó wá sí mi lọ́kàn àfi ẹ̀yin. Ẹ̀yin ni mo sáré wá bá, ẹ̀yin ni mo wá bú."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìwà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá lẹ́nu. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò lè ṣe é.

"Ṣé mo lè bèèrè nǹkan kan?"

"Mo ti mọ̀ pé ẹ máa bèèrè."

"Báwo ló ṣe ń ṣí?"

Màmá yíjú sí i, ó wò ó títí, bóyá ó máa rí yẹ̀yẹ́ kankan lójú rẹ̀. Kò sí. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa kọ́tìnì. Ó ká etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè lápá ọ̀tún. Aṣọ aláwọ̀ búlúù onílà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi bo àpò náà. Ó tú bọ́tìnì rẹ̀.

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nídìí páìpù.

"Ẹ̀rọ omi ni," ó ní, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀rọ omi kékeré ló wà nídìí rẹ̀. Apá ibo lẹ ń yí i sí?"

"Apá ọ̀hún. Tó bá dalẹ́, màá fi páìpù so ó mọ́ àpò ńlá, kí n lè sùn dójúmọ́."

"Nígbà tí ẹ bá wá dùbúlẹ̀, kí ló dé tí ìtọ̀ ò padà sókè? Ẹ dúró ná. Wọ́n ti fi awẹ́ rọ́bà sínú rẹ̀, ó ń gbà á sọ̀ kalẹ̀, kì í gbà á padà. Ẹni tó ronú èyí mọ iṣẹ́. Ẹnu ara yín yẹn ńkọ́, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kì í dùn mí. Ó kàn pupa bí ètè ni."

"Òórùn ńkọ́?"

"Ẹ gbóòórùn kankan ni, gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń jókòó tì mí?"

"Òórùn pọ́dà nìkan ni."

Nígbà náà ni omi bọ́ lójú màmá. Nọ́ọ̀sì ti wo ibẹ̀ rí, dókítà ti wò ó, àwọn aláìsàn tuntun ti fi ẹ̀rù wò ó, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì máa ń gbójú kúrò. Kò tíì sí ẹni tó wò ó bí ohun tó yẹ ní wíwò.

"Kí ló dé?" Bàbá fẹ́ dìde. "Mo ti bèèrè jù."

"Rárá. Ẹ máa bèèrè lọ."

Ìfẹ́ ni. Kò sí orúkọ míì tí a lè pè é. Bàbá wá sọ èyí tó kù fún un, ọ̀rọ̀ lọ́kọláya tí dókítà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Màmá Aránṣọ ti dé bọ́tìnì rẹ̀ tán.

"Ṣé dókítà ní òun máa yọ ọwọ́ yín náà?"

"Rárá."

"Ẹnu yín ńkọ́? Torí ìyẹn gan-an ló yẹ kó yọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rìn pọ̀ láràárọ̀. Dókítà ló ní kí bàbá máa rìn, kó máa jẹun dáadáa, kí ara lè gba ọ̀bẹ. Màmá ló ń mú ìrìn náà le. Tí bàbá bá dúró wo kòtò omi tí wọ́n ń gbẹ́, á ní, "Alágídí mi, ẹsẹ̀ ló yẹ kó rìn, kì í ṣe ojú." Bàbá á ní, "Alápò mi, ojú ló ń gbé ẹsẹ̀ lọ."

Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá kò fẹ́ gbọ́. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò sì jáde láàyè. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá òun ti ń gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó lọ bá Màmá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Èmi ni mo jókòó síta nígbà yẹn, mà. Ẹ fẹ́ kí n tún lọ jókòó síbẹ̀? Bàbá mi ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ rọrí kú. Àbí torí kí ẹ lè rí ọkọ fẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun màmá, kò sì pa á mọ́. "O bú mi, ọmọ mi, màá sì gbà á lọ́wọ́ ẹ torí ẹ̀rù ló ń bú mi. Mi ò sọ pé kí bàbá ẹ ṣe é, mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Èmi náà ní ọmọ tó jókòó síta dè mí. Jẹ́ ká jọ lọ bi dókítà, kí o bi í ní gbogbo ohun tó wà nínú ẹ."

Wọ́n lọ. Ìgbà náà ni gbogbo wọn rí i pé ọmọ bàbá ni ọmọ yìí lóòótọ́. Ó bèèrè nípa ọkàn, ó bèèrè nípa oògùn oorun, ó bèèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá ṣe é. Dókítà dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Níkẹyìn ọmọ náà ní, "Tó bá jẹ́ bàbá yín ńkọ́, dókítà?"

"Ẹ̀rù á bà mí bíi tiyín. Màá sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yàn."

Gbogbo wọn yíjú sí bàbá. "Mo mọ̀ pé mo lè kú síbẹ̀," ó ní. "Àmọ́ mo ṣì ní ohun tí mo fẹ́ wò láyé. Mo gba àpò náà." Ọmọ rẹ̀ sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì bá a jiyàn mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì pè wọ́n wá kó lè fàmì sí ibi tí ẹnu náà máa wà. Ó ní kí bàbá jókòó, kó bẹ̀rẹ̀, kó de bẹ́líìtì sókoto rẹ̀, kó tú u. Ó fi yíǹkì dúdú sàmì sí ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bàbá bèèrè bóyá omi lè fọ yíǹkì náà, ó bèèrè ìdí tí kò fi jẹ́ apá òsì.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tí wọ́n á jọ máa gbé. Ta ni?"

Ọmọ bàbá ti la ẹnu kí Màmá Aránṣọ tó ní, "Èmi ni."

"Mo mọ̀ yín o, mà, àmọ́ kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Màmá tẹ́ ọwọ́ lé itan. Ojú ń tì í díẹ̀, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. "Ìyàwó wọn ni mí. Gbogbo ohun tó wà láyé ni wọ́n ti bèèrè lọ́wọ́ mi, èyí nìkan ló kù tí wọn ò tíì bèèrè."

Bàbá Púlọ́ńbà jókòó síbẹ̀, ikùn rẹ̀ níta, àmì yíǹkì lára rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Màmá," ni bàbá wí, "ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni màmá dáhùn. "Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ ná. Tí ẹ bá jí, màá dá yín lóhùn."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè fi ìbéèrè sílẹ̀ láìgbọ́ ìdáhùn."

"Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, àwọn obìnrin méjèèjì jọ jókòó síta ni. Màmá ń rán nǹkan lọ́wọ́, ọmọ bàbá sì fi orí ti èjìká rẹ̀ nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà pẹ́. Nígbà tí dókítà jáde, tó yọ ìbòmú rẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, ọmọ bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí dókítà tó sọ̀rọ̀, torí ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

Oorun kò tètè dá lójú bàbá. Ohùn kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ikùn ń dun òun. Ó mọ̀ pé òun wà láàyè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọra rìn lábẹ́ aṣọ ìbora, ó dé ẹ̀gbẹ́ ikùn, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ má fi ọwọ́ mú un bẹ́ẹ̀," ni ohùn kan wí létí rẹ̀. "Olè á mọ ibi tí owó wà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó dúró. Ètè rẹ̀ gbẹ. "Ìdáhùn mi dà?"

Màmá Aránṣọ sún mọ́ ọn. Ó gbé ohun tó ti ń rán láti àárọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì bá a ká ìka rẹ̀ lé e. Aṣọ ni, ó kéré, ó ní bọ́tìnì bíi hóró ẹ̀wà. Bàbá gbé e sókè súnmọ́ ojú, torí kò sí awò ojú níbẹ̀, ó sì wò ó pẹ́ kó tó dá a mọ̀. Búlúù ni, ó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́. Lára ìyókù aṣọ tí màmá fi rán tirẹ̀ ló ti gé e.